Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kọjú Ọkọ̀ sí Mẹ́kà

Ọjọ́ Sátidé tí a kọ́kọ́ lọ pàgọ́ ní Greenbelt, ọgbà ìgbafẹ́ kan nílùú òyìnbó tí à ń gbé, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ńlá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú wà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní àfi kí ọkọ̀ kọjú sí Mẹ́kà, kí àwọn lè ríbi kírun. Wọ́n bá páàkì rẹ̀ síbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ìyá bàbá mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, gbé ẹ̀wà elépo kaná. Bí bàbá mi ṣe forí kanlẹ̀ lórí ìrun nínú ọkọ̀, ìkòkò yọ̀ tẹ̀rẹ́ kúrò lórí sítóòfù, epo gbígbóná sì ń ṣàn bọ̀ níbi orí wọn. Mo fi igbe ta. Wọ́n fò dìde!

Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Màmá àgbà wo ọmọ wọn títí.

"Làsísì, ṣé ọkọ̀ ló fẹ́ kírun ni, àbí ìwọ?"

Bàbá mi padà sídìí ọkọ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbi tó tẹ́jú, wọ́n ki pákó sábẹ́ táyà kan, wọ́n sì gbé ife omi sórí tábìlì láti fi wò ó bóyá ọkọ̀ ti tẹ́jú, títí omi náà fi dúró déédéé. Wọ́n wá yí ẹní ìrun wọn díẹ̀ kí ó lè kọjú sí Mẹ́kà, wọ́n tún ìrun kí. Ẹ̀wà ti dànù, búrẹ́dì gbẹrẹfu la jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì dùn.