Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Mùstàfá Télọ̀

Ọkọ mi, Mùstàfá télọ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ dókítà jẹ. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi rẹ́ wọn jẹ nílùú Ìlá níbí, èmi Kàdíjátù sì ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyìn rẹ̀, kó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sí lẹ́nu mi.

Àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, kó dín iyán kù, kó máa fẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kó sì máa wá ṣe àyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Iyán ni wọ́n ní kí ọmọ Ìlá dín kù! Ó wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Ti ìrìn ló tún wá burú jù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó rìn gba ọ̀nà Òkè-Ìlá, èèyàn mẹ́ta ló dúró pé kó jẹ́ káwọn gbé e, ẹnì kẹrin bi í bóyá ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀ ni. Ó wọlé, ó ní, "Ṣé kí ayé máa rò pé mo ti tòṣì ni?" Bí ìrìn ṣe parí nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wá dá rèé. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta, yóò gbààwẹ̀. Bó bá ṣínu nírọ̀lẹ́, omi ewúro ni yóò mu. Oògùn tí kò fọwọ́ kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà yẹn ni yóò rántí rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń pè é ní ààwẹ̀ nàfílà, wọ́n ń ṣàdúà fún un pé ẹni Ọlọ́run ni. Irọ́ ńlá! Nọ́ọ̀sì ló ń gbààwẹ̀ fún, kì í ṣe Ọlọ́run. Èmi ni mo sì ń jí se sààrì. Bó bá ti kúrò ní ọsibítù báyìí, ó di ìdí iyán, mínírà tútù á tẹ̀ lé e.

Dókítà rí i pé ṣúgà rẹ̀ dáa lóṣooṣù, ó yìn ín, ó sì dín oògùn rẹ̀ kù. Mo jókòó tì í, mo panu mọ́. Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé obìnrin kì í tú àṣírí ọkọ rẹ̀ níta. Inú ń bí mi sí ẹni tó kọ́ mi, àmọ́ èmi fúnra mi ni inú ń bí mi sí jù.

Ọkọ mi kì í wọ bàtà nídìí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lásán ló fi ń tẹ̀ ẹ́ láti kékeré, ẹsẹ̀ yẹn ló sì kọ́ ilé tí à ń gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo rí ẹ̀jẹ̀ níbi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Píìnì ti wọlé lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta, ibẹ̀ sì ti ń rùn.

"Kò dùn yín ni?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí?" Ó jágbe mọ́ mi. "Fà á yọ, kó o jẹ́ n parí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni!"

Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà, kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Mo fa píìnì náà yọ. Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ó ní ó dọjọ́bọ̀, òun ti ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ọgbẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn gún un níka, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣúgà yín dáa, bàbá. Ẹ kú ìtọ́jú ara."

Mo dìde. "Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ bá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn wò wá. Ìyá àgbà kan tó wá láti Ọ̀rà káwọ́ lérí. Ọkọ mi yíjú sí mi: "Kàdíjátù, o tú mi síhòòhò lójú ayé."

"Ó sàn kí n tú yín ju kí wọ́n gé yín lẹ́sẹ̀ lọ."

Wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, wọ́n rí ọgbẹ́, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, irú èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù mẹ́ta wá. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kò lè bo ìyẹn. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì gé ìka kékeré yẹn. Dókítà ní ká ní a fi ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ẹsẹ̀ náà lódindi ni ì bá bá a lọ.

Oṣù mẹ́fà rèé, kò tíì pe orúkọ mi. Bó bá fẹ́ omi, ògiri ló ń sọ fún. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní mo ti dójú ti ìdílé. Kí wọ́n máa wí. Èmi ni mò ń kó oògùn lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì dúpẹ́ rí. Lẹ́yìn àsùbáà, a ó jáde, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Bí ọlọ́kadà bá dúró láti gbé e, èmi ni mò ń lé e: "Máa lọ! Wọn ò ta ọ̀kadà wọn!"

Ó ń bínú sí mi. Kó máa bínú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń rìn lọ níwájú mi.