Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Sọ Nípa Jẹnẹrétọ̀

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni íńtánẹ́ẹ̀tì já ní kàfé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún. Ọjọ́ náà gan-an ni fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọlé ń parí. Kò sí àga tó ṣófo. Àwọn mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo wáyà kàfé já sínú àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní súwíìṣì. Ọ̀rọ̀ ni a máa ń tẹ̀ fún un lórí kọ̀ǹpútà láti pàṣẹ. Ní Sátidé, bọ̀dá kan tó jẹ́ àgbà mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe ètò tuntun fún un, ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan sínú rẹ̀. Ó ní, "Dán an wò. Tó bá ti dáa, séèfù ẹ̀ lé ti àtijọ́ lórí kóo tó lọ." Mo dán an wò, ó dáa. Mi ò séèfù ẹ̀. Nígbà tí bátìrì tó gbé súwíìṣì ró kú, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ètò àtijọ́, tí kò gbé íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ló fi jí.

Ọ̀gá wa kò bi mí. Bọ̀dá ti sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀gá nàka sí bọ̀dá lójú èrò: "Òun ló pa fáìlì rẹ́. Ó fẹ́ bà mí jẹ́ kó tó lọ."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n…" bọ̀dá wí.

Ìgbájú gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò rí ẹni tó gbá a. Ẹni tó gbá èkejì ni mo rí: bàbá kan tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, tó ti tú bẹ́líìtì.

"Ọdún ọmọ mi lo fi ń ṣeré, àbí?"

"Ẹ bá wa fọ́máàtì orí ẹ̀ jàre," ẹnìkan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan fa ẹsẹ̀ àga yọ. Eyín kan já lẹ́nu bọ̀dá bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù.

Mo ní, "Èmi ni." Ó dá mi lójú pé mo sọ ọ́, mi ò lè búra pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo rò pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá padà, ọwọ́ wọn á wálẹ̀. Mo ní kí súwíìṣì to àwọn fáìlì inú rẹ̀ fún mi. Ẹ̀dà bọ̀dá wà níbẹ̀; kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Mo pàṣẹ kó máa lò ó.

"Ó ti wọlé o," ọmọbìnrin náà wí. Lóòótọ́, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ìgbà yẹn ni èéfín dúdú rú lára jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gá sáré dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó pariwo sí àwọn tó wà níta: "Ẹ pa á. Mo ní ẹ pa á."

Àwọn tó wà nínú ilé kò rí èéfín. Bọ̀dá ni wọ́n rí nílẹ̀. Ẹsẹ̀ àga bà á lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pa jẹnẹrétọ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣú, ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe náà sì lọ, torí mi ò tíì séèfù ẹ̀.

Bàbá oníbẹ́líìtì ló bá mi gbé bọ̀dá dé inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ló jókòó tì í, torí ọ̀gá ti di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú lẹ́yìn, ó ní kí n wá tún súwíìṣì ṣe. Bọ̀dá la ojú kan.

"Ṣé o ti séèfù ẹ̀?"

"Mo ti séèfù ẹ̀, bọ̀dá."

Irọ́ ni. Bàbá náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ yà sí ọ̀nà Ìgàndó, bọ̀dá ṣì ń mí.