Ìgbìmọ̀ Lórí Ẹsẹ̀ Theophilus Dìran

Lẹ́yìn ogun Hítílà, kò sí wolé-wolé tí àwọn obìnrin Ìgbẹ̀ìn ń bẹ̀rù tó Theophilus Dìran. Bí ó bá rí tanwíjí nínú omi ẹni, kóòtù yá nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀. A máa yọ́ rìn bí ológbò; kí onílé tó ráyè da omi nù, ó ti wà nídìí àmù.

Ẹsẹ̀ yìí náà ló ṣẹ́. Ó gun ògiri elérùpẹ̀ kan kí ó lè yọ sí obìnrin kan lójijì, ògiri wó, òun náà sì bá a wálẹ̀. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé kí n bu omi fún yín? Ó mọ́ o."

Ẹlòmíràn ì bá ti ránṣẹ́ pe a-to-eegun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n sẹ́kítírì ìjọ ni Theophilus, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ti í ra ìgbálẹ̀ láìyan ìgbìmọ̀. Ó ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ṣe jókòó yí ẹní rẹ̀ ká, Olúmidé tíṣà sì ṣe alága.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ dókítà òyìnbó Èkó wò. Wọ́n yìn ín gan-an, wọ́n ní ọ̀nà jìn, wọ́n sì fò ó. Ó wá ku a-to-eegun méjì, Láwàlì ará Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Sàlàhúdíìnì ará Papalanto. Àwọn kan fẹ́ ti ìṣáájú, àwọn kan fẹ́ ti ìkẹyìn, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan.

Àṣà àwọn a-to-eegun ni láti ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, kí wọ́n dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn á dìde. Ìwà kèfèrí ni Theophilus ń pe èyí tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí Olúmidé sọ ọ́ di ìdánwò: kí kálukú to ẹsẹ̀ adìẹ tirẹ̀, ẹni tí adìẹ rẹ̀ bá kọ́kọ́ rìn ni kó wá to ti sẹ́kítírì. Gbogbo wọn kan sáárá sí i. Kò sí kèfèrí níbẹ̀ mọ́, ó ti di ti ọ̀mọ̀wé.

Láwàlì di adìẹ tirẹ̀ tán, ó wo ọkùnrin tó ń kérora lórí ẹní.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́? Eegun kì í dúró de èèyàn o."

"Ẹ ní sùúrù," ni Olúmidé wí. "Èsì kò tíì jáde."

Harriet, ìyàwó Theophilus, ló ń bọ́ àwọn adìẹ náà. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí: "Bàbá Péjú, ẹ jẹ́ kí n pe Láwàlì."

"Kí wọ́n lè sọ pé mo ṣe ojúsàájú?"

Inú bí Harriet débi pé ńṣe ló ń sọ àgbàdo lu àwọn adìẹ.

Nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adìẹ Láwàlì dìde, ó ń ta ilẹ̀ wá kòkòrò kiri. Kò pẹ́ tí ti Sàlàhúdíìnì náà fi dìde. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ orin ìdúpẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe Láwàlì. Láwàlì dé, ó tẹ ẹsẹ̀ Theophilus wò.

"Ta ló to eléyìí?"

"Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án," ni Olúmidé fi ìyangàn dáhùn.

"Ó ti so pọ̀. Ó wọ́. Àfi ká tún un ṣẹ́."

Harriet bú sẹ́kún. Olúmidé wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yìí gba ìpàdé mìíràn. Ìgbà yẹn ni Theophilus dá ìpinnu ṣe nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹ̀rù ló sì bá a ṣe é.

"Kò sí ìpàdé kankan. Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀pá ló fi ń rìn látọjọ́ náà. Kí ó tó dé àgbàlá kan, wọ́n ti gbọ́ kò-kò-kò rẹ̀ lórí àpáta, wọ́n ti fọ àmù, wọ́n ti kúnlẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Kò rí ẹni mú lọ kóòtù mọ́. Àwọn obìnrin bá ń yìn ín kiri ìlú pé ọkùnrin náà ti dàgbà, inú rẹ̀ sì ti rọ̀. Ìyìn yẹn dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.