Ọjọ́ Tí Màmá Kúnlẹ̀ Nílé Búrẹ́dì

Ọdún tí ìjọba gbé òfin owó oṣù tuntun jáde ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Èjìgbò níbí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ owó. Èmi tí mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń pariwo. Bí ọ̀gá bá ní òṣìṣẹ́ òun kò pọ̀ tó iye tí òfin owó náà mú, ìyẹn ò ní kó má fún wọn níwèé.

Ilé búrẹ́dì kan wà lọ́nà Masífà. Tọ́ntọ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀gá ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni ní Àbíjàn tó ti wá. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló ní, kò sí ẹnìkankan nínú wọn tó níwèé lọ́wọ́. Ṣadé tó ń po ìyẹ̀fun ti lóyún oṣù méje. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá lọ bímọ, wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò òun.

Mo bá wọn kọ ìwé mọ́kànlá. Tọ́ntọ̀n kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sẹ́nu géètì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun.

"Èmi tí mo fi yín ṣe ọmọ!" Tọ́ntọ̀n ń jágbe mọ́ wa. "Ṣé bàbá tó bí yín fún yín níwèé ni?"

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà," ni Ṣadé wí. "Ìwé ò ní ká má jẹ́ ọmọ yín."

Ọkùnrin náà ti mú bírò. Mo fojú mi rí i! Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe jáde, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ṣí gèlè lórí, tó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ má fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Ẹ kó ìwé ọ̀hún fún mi, èmi ni màá ní kó fọwọ́ sí i."

Ta ló máa jókòó kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún un? Kíá, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà!" Èmi àgbà akọ̀wé ni mo ṣáájú wọn. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì kó ìwé fún Màmá. Wọ́n ṣí géètì, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú ara mi ṣì ń bí mi dòní.

Ṣadé bímọ. Nígbà tó padà dé, ẹlòmíràn ló ń po ìyẹ̀fun. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Òṣogbo. Obìnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ sọ pé ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ mọ́ pé ọ̀gá kàn lé èèyàn láìsọ ìdí. Orí mi wú. Ló bá nawọ́ sí wa: "Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín dà?"

Ilé Màmá ni mo gbà lọ tààrà. Màmá fa nǹkan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e dáadáa.

"Mo bá yín tọ́jú ẹ̀. Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ rún rárá."

Mọ́kànlá náà pé. Kò sí ìkankan tí wọ́n fọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò dọ̀bálẹ̀ fẹ́nì kankan. Mo kó wọn lọ bá Tọ́ntọ̀n, mo ní obìnrin Òṣogbo ń bọ̀, mo sì jókòó tì í títí tó fi fọwọ́ sí ti àwọn mẹ́wàá tó kù. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Ti Ṣadé nìkan ló kọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá a borí, ẹ lọ bi Ṣadé. Ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ nílùú Ọlá báyìí, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó dìde, ká gbé ọ̀rọ̀ náà délé-ẹjọ́. Kò gbójú sókè.

"Bí Màmá bá tún wá kúnlẹ̀ ńkọ́, sà?"