Bàbá Fáníyì, Òǹkọ̀wé Ìdájọ́ Tó Kú sí Sẹ́ẹ̀lì

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí àwọn ará Emùré ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ni Bàbá Lawrence Fáníyì kú sórí bẹ́ǹṣì nínú sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bàbá. Wọn kò jalè, wọn kò lu ẹnikẹ́ni. Olúwaṣògo, ọmọ àbúrò wọn, ni wọ́n ní ó gbé ọ̀kadà ọlọ́kadà sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá délé ní ọjọ́ Ẹtì, wọn kò bá Olúwaṣògo. Bàbá tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ni wọ́n bá, Bàbá náà ni wọ́n sì gbé. Ṣé ẹ kò mọ àṣà wa ni? Ẹni tí a bá bá nílé ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀, bí ó bá ṣe é rín. Bàbá yìí gan-an ló kọ ìwé tí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀ràn dídá àti ìdájọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orí kẹrin ìwé náà kò ju ojú ewé mẹ́sàn-án lọ. Àkọlé rẹ̀ ni "A Kì í Mú Bàbá Dípò Ọmọ."

Kì í ṣe inú ìwé ni Bàbá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́dà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, àgbẹ̀ kan láti Igbara-Odò dáhùn pé, "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wá wá lulé, èmi ni wọ́n bá." Ọdún kẹfà rẹ̀ lẹ́wọ̀n nìyẹn, kò sì tíì fojú kan adájọ́. Bàbá gbé lẹ́tà kiri títí wọ́n fi tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá padà sílé ìwé, ní ẹni ogójì ọdún, tí wọ́n sì di olùkọ́ wa.

Ní kíláàsì, bí o bá pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ọ̀daràn, máàkì márùn-ún ti lọ. Bàbá á yọ gíláàsì ojú wọn: "Ulé ẹjọ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?" Máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pàdánù nínú ìdánwò kan ṣoṣo. Inú bí mi nígbà náà. Lónìí, ẹkún ni mò ń sun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adéfúnkẹ́, ọmọ wọn, gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá lọ sí tésàn. Ta ló bá ní káńtà? Táyọ̀, ọmọ kíláàsì wa tó ti di ọlọ́pàá, ẹni tó gba máàkì jù lọ lórí orí kẹrin!

"Sista, ẹ ṣe sùúrù," ni Táyọ̀ wí. "Ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan wọlé. Ó di Mọ́ńdè."

"Ẹ̀sùn wo lẹ fi kàn án?"

"A ò tíì kọ ọ́."

"Táyọ̀, ùwé bàbá mi tí o kà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?"

Táyọ̀ ti oògùn náà padà sí i lọ́wọ́. Bàbá kò dúró de Mọ́ńdè.

Ní báyìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fi orúkọ Bàbá sọ gbọ̀ngàn. Tésàn kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn: àìsàn ráńpẹ́ ló pa Bàbá, ìwé wọn sì jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ ò rí i pé bí a bá kú là á dère! Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi rí ọ̀nà ilé Bàbá ni àbí èwo? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a kọ́ ìwé náà sórí, a dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, a sì gbàgbé. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ ládùúgbò mi, n kò sì kọ ìlà kan sínú ìwé ìròyìn. Ojú ń tì mí.

Adéfúnkẹ́ sọ fún mi pé, "Mé è fẹ́ gbọ̀ngàn. Kí wọ́n sọ fún mi ohun tí bàbá mi ṣe, kí n tó sin ín."

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọ̀gá tésàn, ẹ ṣí ìwé ńlá orí káńtà yín sí ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ẹ ka ẹ̀sùn tó wà níwájú orúkọ Lawrence Fáníyì sí etígbọ̀ọ́ ọmọ wọn. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ lọ síwájú adájọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín sì tẹ̀lé e lọ.