Oríta Wa Tí Kò Sí Nínú Máàpù

Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ àti ti ọ̀kadà ní oríta wa l'Ókè Baálẹ̀, débi pé igi ńlá tí mò ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo jẹun ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Èmi náà ni mò ń parí ẹjọ́ ibẹ̀. Bí ọ̀kadà bá gbá ẹnìkan, ọlọ́kadà á dọ̀bálẹ̀, ẹbí rẹ̀ á gbé ẹni tó fara pa lọ sọ́dọ̀ teguntegun, èmi á ní, "Ó ti parí, ẹ máa lọ." Kò sẹ́ni tó ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sì ti parí, a kì í tún hú u.

Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ kan dé. Wọ́n ń ya máàpù ibi tí wọ́n ti ń gbá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà, àti àsìkò tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí àmì pupa bá pọ̀ sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe bọ́ǹpù sí, kí ọ̀kadà má baà máa sáré níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà pupa bí ata, àmọ́ oríta tiwa mọ́ tónítóní.

"Bàbá, ṣé kò sẹ́ni tó fara pa níbí rí ni?"

Ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń sọdá títì yẹn lọ kírun Mọ̀gàríbì, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni oòrùn tó ń wọ̀ máa ń gún àwọn ọlọ́kadà lójú. Bí oríta wa ò bá ní àmì, wọ́n á gbé e wálé fún mi lọ́jọ́ kan.

Mo bá la ẹnu, àmọ́ n kò lè hú ẹjọ́ tí mo ti parí. Mo sọ ti ọ̀kadà tó fò láti ojú títì kọjá lórí òrùlé, tó balẹ̀ sẹ́yìnkùlé, tí ẹni tó gùn ún ò sì mọ̀ pé òun ti kúrò lójú ọ̀nà, tó ṣì ń fọn fèrè. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, kò tẹ nǹkan kan sórí fóònù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ mà lẹ́nu o! Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an la fẹ́."

Mo pe ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri búrẹ́dì, tí apá rẹ̀ kán lọ́dún tó kọjá.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ti parí, Bàbá? Ẹ wá fẹ́ kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sùn?" Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ.

Ìyàwó mi yọ pẹ̀lú búùtà àlùwàlá lọ́wọ́. Ìjẹ̀ṣà ni, láti Iperindo. Ọmọ àbúrò mi ló fi ọ̀kadà gbá a. Orí ẹní teguntegun ló wà tí mo fi parí ẹjọ́ ẹ̀, kò sì bá mi sọ ọ́ rí.

"Bàbá elétekéte! Ọ̀kadà tó ń fò lẹ rí wí, ẹ ò rí ẹsẹ̀ mi." Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi.

"Màmá, ta ló gbá yín?" Ọmọbìnrin náà ló bèèrè.

Ìyàwó mi wò mí títí. Mo gbé ojú sórí táyà mi.

"Ìyẹn ti parí, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ibí yìí ni, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ṣé máàpù yín ń bèèrè orúkọ ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Oníbúrẹ́dì gbọ́, ó ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn mìíràn náà dé. Kó tó di alẹ́, oríta wa nínú máàpù ti dà bí ara ọmọ tí èéyi bò.

Bọ́ǹpù ò tíì dé. Wọ́n ní ó kù díẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, mo máa ń dìde, orúnkún mi á ké, màá dúró sáàárín títì, màá na ọwọ́ méjèèjì sáwọn ọlọ́kadà títí ìyàwó mi yóò fi sọdá. Kì í dúpẹ́. Ó kàn máa ń ní, "Ẹ yáa kúrò lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ tiyín náà ti ń wúwo."