Dádì, Òpìtàn Kọ́nfáráǹsì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Forestville, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990, ilé wa ní òfin kan: àwòrán ẹni tó wọ aṣọ oyè yunifásítì nìkan ló ń gun ògiri pálọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ògiri tí mò ń wí. Dádì nìkan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé a lè gbàgbé ojú wọn.

Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, wá lọ dẹ́ṣẹ̀: ó mọ eré sá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ wà nínú kọ́nfáráǹsì kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké agbègbè wa tó ń bá ara wọn díje. Kọ́nfáráǹsì ńlá ni o. Mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀kan rí ẹgbẹ́ olówó, ó bá wọn lọ. Òmíràn ní òun ò ṣeré mọ́. Kó tó kan Àǹtí Dúpẹ́, ó ti ku mẹ́rin, ìyẹn bí bọ́ọ̀sì ẹnì kan ò bá kú sọ́nà.

Ní Sátidé ìdíje, Mọ́mì á din dòdò, wọ́n á fi fóìlì wé e, a ó lọ jókòó sórí ìjókòó irin tútù ní pápá. Dádì kì í lọ. Wọ́n á ní, “Ṣé eré sísá ni mo ní kó wá kọ́ ní Amẹ́ríkà?” Lọ́jọ́ tí Àǹtí gba B nínú kẹ́mísírì, Dádì ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú bàtà eré lẹ́sẹ̀.

Ọdún tí kọ́nfáráǹsì náà fẹ́ túká, Àǹtí bẹ̀ wọ́n. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Kò ní sí òmíràn mọ́.” Wọ́n ní àwọn á rí i. Àǹtí gba ipò kìíní nínú eré irínwó mítà. Bó ṣe parí eré, orí ìjókòó wa ló kọ́kọ́ wò. Dádì wà nílé, wọ́n ń fọ mọ́tò. Mẹ́dàlì náà wọ inú agolo bisikíìtì tí Mọ́mì ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Ó dùn mí débi pé mi ò jẹ dòdò lọ́jọ́ náà.

Lóde òní ńkọ́? Mẹ́dàlì ti gun ògiri, Dádì sì ti di òpìtàn. Kò sí àlejò tí wọn kì í ka ìtàn kọ́nfáráǹsì fún: àwọn tó dá a sílẹ̀, àwọn tó sá lọ, àti bí “a” ṣe na gbogbo wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àwọn àgbà kúkú ti wí i, ọmọ tó dáa ni ti bàbá.

Ọmọ Àǹtí náà ti ń sáré báyìí, ní Oxon Hill. Dádì á ti gbé àga dé pápá kí ẹni tó ń ṣí géètì tó dé. Bí ọmọ náà bá ti gbéra, wọ́n á dìde, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn wọn á fi há.

Àǹtí Dúpẹ́ ni èmi máa ń wò nígbà náà. Kì í wo ọmọ rẹ̀. Ojú Dádì ló máa ń wò.